Ohun Tí Mo Yá Tí Mi Ò Dá Padà

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún Màámi pé dírẹ́bà ni mo fẹ́ kọ fún pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi, ńṣe ni wọ́n káwọ́ lérí.

"Dírẹ́bà kẹ̀? Ìwọ tí mo ta aṣọ òkè mi nítorí owó ilé ìwé rẹ? Ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ máa wà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Rárá o, Màámi. Kì í ṣe dírẹ́bà ọkọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni tèmi wà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ló wá ń wà níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ka ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò sí ní ẹ̀ka tiwa. Ẹ ti ń sọ lọ́kàn yín pé, "Ó tún ti dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn nítorí mi wà nínú rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ̀kan kí n má sọ èkejì.

Ohun tí mo dá Màámi lóhùn nìyí. Mo ní kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè gbogbo ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní èdè tirẹ̀, kámẹ́rà ní tirẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró láàárín tó gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ògbufọ̀ yẹn là ń pè ní dírẹ́bà. Inú kernel ló ń gbé, kernel sì ni èkùrọ́ gbogbo ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ibi tó jinlẹ̀ jù tó sì le jù. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland ní 1991, ni èmi yàn, torí pé ọ̀fẹ́ ni, gbogbo kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Màámi ní, "Ó dáa. Ògbufọ̀ sàn ju onímọ́tò lọ."

Wọn ò mọ̀ pé àwọn gan-an ló ti kọ́ mi ní ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ àga háyà ni Màámi ń ṣe. Àga oníke 600, tábìlì, kánópì, kúlà ńláńlá, ìkòkò àsè, abọ́ àti ṣíbí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí òkú ládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ wọn ló ń wá. Wọ́n ní ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ohun tó bá jáde, wọ́n á kọ ọ́ sí i. Ohun tó bá padà wọlé, wọ́n á fagi lé e. Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn ka àga lálẹ́ Sátidé, nígbà tí ojú mi ti ń wá oorun. Bí iye tó wọlé ò bá dọ́gba pẹ̀lú iye tó jáde, a ò ní sùn.

Kernel náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ní iye tó mọ, kernel ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí dírẹ́bà bá nílò àyè tó máa fi ṣiṣẹ́, á ké sí kmalloc, á ní, "Ẹ yá mi ní báìtì 4096." Kernel á wo ìwé rẹ̀, á fi àyè náà hàn án. Tó bá ti lò ó tán, á ké sí kfree, á dá a padà, kernel á sì fagi lé e. Bí àyè ò bá sí, kmalloc á dá òfo padà. Dírẹ́bà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá jókòó láìwẹ̀yìn wò bóyá àga wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

Ó kù díẹ̀. Tó o bá ń yá mẹ́mórì, o gbọ́dọ̀ sọ bóyá o lè dúró tàbí o ò lè dúró. GFP_KERNEL túmọ̀ sí pé o lè dúró: kernel lè ní kó o sùn ná kóun fi rí àyè kó jọ. GFP_ATOMIC túmọ̀ sí pé o ò lè dúró rárá, bóyá torí pé ẹ̀rọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pe kernel ní pàjáwìrì, níbi tí sísùn ti jẹ́ èèwọ̀. Kernel á fún ọ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè bu díẹ̀ fún ọ nínú èyí tó fi pamọ́, tàbí kó ní kò sí. Màámi náà ní àga 50 tí wọ́n kó sí pálọ̀ tí wọn kì í gbé jáde fún ìnáwó kankan, bó ti wù kí oníbàárà náà lówó tó. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de Sátidé. Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí irú ìyẹn ni àga 50 yẹn ṣe wà níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ti yàtọ̀ sí ti ètò lásán. Bí ètò tẹ́ ẹ fi ń tẹ lẹ́tà bá yá mẹ́mórì tí kò dá a padà, kò burú jù. Lọ́jọ́ tó bá parí tàbí tó kú, kernel á wọlé, á kó gbogbo ohun tó yá padà, bí pótà ṣe ń palẹ̀ yàrá mọ́ lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lọ. Ṣùgbọ́n inú kernel ni dírẹ́bà wà. Ta ló máa wá palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ pótà? Kò sí. Kódà bẹ́ ẹ bá fi rmmod yọ dírẹ́bà náà kúrò pátápátá, ohun tó fi kmalloc yá tí kò dá padà á ṣì wà lórí ìwé, kò ní ṣeé yá ẹlòmíì, títí wọ́n á fi pa kọ̀ǹpútà tí wọ́n á tún un tàn.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú orí kejì pírójẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Àǹtí kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ń ṣiṣẹ́ oyè másítà lórí ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba lé ẹyin. Ẹyin adìẹ máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 21 kó tó pa, ooru ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àǹtí fẹ́ mọ ìwọ̀n ooru náà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n ṣe é fún wọn. Mo rí pátákó kékeré kan tó ń wọn ooru, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní lábù wa pẹ̀lú okùn USB, mo sì kọ dírẹ́bà rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹyin náà wá sí lábù. Ẹyin 120 ló wà nínú rẹ̀.

Apá tó ń ka ìwọ̀n ooru nínú dírẹ́bà mi rí báyìí: Yá báìtì 4096. Bi pátákó léèrè pé báwo ni ooru ṣe rí. Bí kò bá dáhùn láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, padà lọ jíṣẹ́ pé kò dáhùn. Bó bá dáhùn, gbé èsì fún ètò tó béèrè. Dá báìtì 4096 padà. Padà lọ jíṣẹ́ pé ó ti parí.

Ẹ tún un kà. Ọ̀gá mi kà á, kò rí nǹkan kan. Èmi tí mo kọ ọ́, mo kà á tó ìgbà ogún.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ geere. Lóru ọjọ́ karùn-ún, kọ̀ǹpútà náà dákẹ́. Tílẹ̀ fi mọ́, ó ti gan pa, ojú rẹ̀ ò yí, kò gba àṣẹ kankan. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé náà lóru, tó sì máa ń ṣílẹ̀kùn lábù láàárọ̀, tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó pa á, ó tún un tàn. Gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ padà. Ó tún ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kejì. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Òru mẹ́ta tí kò sí àkọsílẹ̀ nínú ọjọ́ 21! Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn ti bàjẹ́, àfi kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin míì.

Ní gbogbo òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n mú iná lọ. Ṣùgbọ́n inverter wà ní lábù, ọwọ́ Bàbá sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wà. Ẹnì kan wá dá a sílẹ̀ pé Bàbá ń fi iná inverter ṣáàjì fóònù fún àwọn ará ìta, ó ń gbowó, ìyẹn ló ń mú kí bátìrì tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo èèyàn létí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá rọrùn láti gbà gbọ́ kì í pẹ́ di òótọ́. Wọ́n fún Bàbá ní kúẹ́rì: kó ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárín wákàtí 48.

Èmi náà gbà á gbọ́. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ mi láti gbà á gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni aago. Mo ń ka àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà náà kí n lè fi kún ẹjọ́ Bàbá. Lóru àkọ́kọ́, pátákó ò dáhùn mọ́ láti aago 10:40 alẹ́, kọ̀ǹpútà sì kú ní 4:08. Lóru kejì, láti 12:15 sí 5:47. Lóru kẹta, láti 9:05 sí 2:33. Mo ṣírò rẹ̀. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀, wákàtí márùn-ún ààbọ̀, wákàtí márùn-ún ààbọ̀, ìyàtọ̀ ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àyà mi já. Bátìrì tí wọ́n fi ń ṣáàjì fóònù ò lè mọ aago tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kú ní irú àkókò kan náà nígbà gbogbo, ohun kan ló ń kún inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo tún wo àkọsílẹ̀ kernel. Ó wà níbẹ̀ kedere kí n tó wá a: mẹ́mórì tán. Bí mẹ́mórì bá tán pátápátá, Linux máa ń yan ètò kan, á pa á, kó lè gba mẹ́mórì rẹ̀. Ó pa ètò kan, ó pa òmíràn, ó pa ti èmi náà tó ń kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ọlọ́gbọ́n ti ṣètò pé bí wọ́n bá pa á, kó máa jí padà fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń kú ló ń jí, bó ṣe ń jí ló tún ń béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà mi. Pípa tí kernel ń pa wọ́n ò sì wúlò, torí ohun tó tán mẹ́mórì ò sí lọ́wọ́ ètò kankan. Ọwọ́ kernel fúnra rẹ̀ ló wà, lábẹ́ iye kan tí wọ́n kọ SUnreclaim sí, èyí tí kò ṣeé gbà padà.

Bí iná bá lọ tí inverter gbà á, ìpayà díẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì ń mú kí pátákó náà dákẹ́. Kò ní dáhùn mọ́ títí ẹnì kan á fi yọ okùn rẹ̀ tí á tún un kì bọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ètò mi á sì máa béèrè léraléra, ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, dírẹ́bà mi á yá báìtì 4096, á dúró, kò ní rí èsì, á sì padà lọ jíṣẹ́ pé kò dáhùn. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló bá jáde. Kò dé ibi tí mo kọ "dá a padà" sí rí, torí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìyẹn wà. Ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ báìtì 40,960. Ní wákàtí kan, ó jẹ́ 147,456,000. Ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 811. Gbogbo mẹ́mórì kọ̀ǹpútà náà jẹ́ gígábáìtì 1. Ìṣirò náà bọ́ sí i bí ọmọrí bọ́ sí ìkòkò.

Mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú mi. Mo tún kernel náà kọ́ pẹ̀lú kmemleak nínú rẹ̀, ìyẹn sì gba gbogbo òru kan. Catalin Marinas ló kọ kmemleak, ó sì wọ inú Linux ní 2009. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro láti lóye: á mú gbogbo ohun tí wọ́n yá, á wá wo gbogbo mẹ́mórì bóyá àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí àdírẹ́sì rẹ̀ ò bá sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ti di ọmọ òrukàn, kò sí ẹni tó máa lè dá a padà. Mo tan dírẹ́bà mi, mo jẹ́ kí pátákó dákẹ́, mo ka ìdáhùn kmemleak. Ohun òrukàn, ìwọ̀n 4096. Ohun òrukàn, ìwọ̀n 4096. Ó kún ojú kọ̀ǹpútà títí dé ìsàlẹ̀, orúkọ iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ sì wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀ ni. Ìdájọ́ òru ni. Mo pa kọ̀ǹpútà náà. Bí mo ṣe tún un tàn, gbogbo rẹ̀ ti parẹ́, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìlà kan péré ni. Fi kfree kan síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Láàárọ̀ Ẹtì, Bàbá kan ilẹ̀kùn yàrá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó mú bébà funfun àti bírò dání. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, òyìnbó inú ìwé tí wọ́n fún mi yìí le. Bá mi kọ èsì rẹ̀. Sọ fún wọn pé mi ò ṣáàjì fóònù ẹnikẹ́ni. Sọ fún wọn pé mi ò mọ ohun tó ń pa á."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo kọ ọ́. Mo jókòó, mo kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú gírámà tó mọ́. Mo kọ ọ́ pé Bàbá ò mọ ohun tó ń pa á. Èmi tí mo mọ̀ ni mo kọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní 500 náírà pé kí n fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo ní rárá. Ó ki owó náà sí mi lápò.

Mo sá lọ sílé ní Sátidé. A ka àga lálẹ́, ó pé. Mo wá bi Màámi pé nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, níbo ni àga ti máa ń sọnù jù. Wọn ò tiẹ̀ ronú.

"Níbi òde tó bá dùn dópin, àga kì í sọnù níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Gbogbo èèyàn á jẹun, wọ́n á jó, àwọn ọmọ á kó àga jọ, a ó kà á, ó pé. Àmọ́ tí òjò bá dé láàárín, tàbí ìjà bẹ́, tí oníkálukú ń sá gba ibi tó rí lọ, ọjọ́ yẹn ni àga ń lọ. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí i. Kò sẹ́ni tó rántí pé òun gbà á wá ni."

Mi ò rí oorun sùn. Gbogbo wa la máa ń yẹ ọ̀nà tó dáa wò: pátákó á dáhùn, èsì á dé, a ó dá nǹkan padà. Ọ̀nà tí òjò ń gbà dé, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ̀nà yẹn sì ni dírẹ́bà mi gbà jáde ní ìgbà tó lé ní 198,000 láàárín òru kan.

Ní Ajé, mo lọ bá ọ̀gá mi kí n tó lọ kíláàsì. Mo gbé ìdáhùn kmemleak kalẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kì í ṣe Bàbá. Èmi ni." Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo mọ̀?" Mo ní Ọjọ́bọ̀. Wọn ò bínú lóhùn òkè. Wọ́n kàn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n buwọ́ lù ú, kí n mú un lọ sí ọ́fíìsì fúnra mi. Mo kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun gbogbo. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ìwọ náà lo kọ lẹ́tà yẹn fún mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gàn ò lè dùn mí tó ìyẹn.

Títún dírẹ́bà náà ṣe ò gba wákàtí kan. Ní ọdún kìíní, lẹ́kítọ̀ wa kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ lo goto láé. Edsger Dijkstra ti kọ lẹ́tà olókìkí kan ta kò ó ní 1968. Àmọ́ inú kernel, goto wà káàkiri fún ìpalẹ̀mọ́, ìwé ìlànà ìkọ̀wé wọn sì fọwọ́ sí i. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbikíbi, má ṣe jáde níbẹ̀. Fò lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tá a ti ń dá ohun gbogbo padà, kó o tó jáde. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Bó bá sì jẹ́ nǹkan mẹ́ta lo yá, èyí tó o yá kẹ́yìn ni wàá kọ́kọ́ dá padà. Mo mọ ìyẹn láti kékeré. Kánópì la kọ́kọ́ ń ta, lẹ́yìn náà tábìlì, lẹ́yìn náà àga, abọ́ ló ń kẹ́yìn. Bá a bá ń palẹ̀ mọ́, abọ́ ni ṣáájú, kánópì ló kẹ́yìn.

Síbẹ̀, mo tún ṣe àṣìṣe. Ẹ̀rù mẹ́mórì tí kò padà ti bà mí débi pé mo wá ń dá nǹkan padà kí àsìkò tó tó. Mo kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yọ okùn USB, kí dírẹ́bà dá gbogbo ohun tó yá padà lójú ẹsẹ̀. Mo yọ okùn náà láti dán an wò nígbà tí ètò tó ń kọ ooru sílẹ̀ ṣì ń lò ó. Kernel dojú dé. Ńṣe ló dà bí ìgbà tá a tú kánópì nígbà tí àlejò ṣì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo dá padà, wọ́n ti lè fún ẹlòmíì, ètò mi sì tún ń kọ nǹkan sórí rẹ̀. Ìyẹn burú ju kí àga sọnù lọ. Oògùn rẹ̀ ni kref, tó ń ka iye ẹni tó ṣì wà lábẹ́ kánópì. Ẹni tó bá wọlé, fi ọ̀kan kún un. Ẹni tó bá jáde, yọ ọ̀kan kúrò. Ẹni tó jáde kẹ́yìn ló ń tú kánópì.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé kò sí ohun tó lè máa ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Ó wà. Láti 2007 ni iṣẹ́ Tejun Heo ti wà nínú Linux, àwọn ọmọ ẹbí devm tó ń bá dírẹ́bà dá ohun tó yá padà nígbà tó bá ń kúrò lára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kì bá tí gbà mí, torí dírẹ́bà tèmi ò kúrò lára ẹ̀rọ láàárín òru. Ńṣe ló ń yá tó ń jáde. Láti 2022, Linux 6.1 ti gba èdè Rust wọlé, èyí tí mẹ́mórì inú rẹ̀ ń padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín bá ti lọ. Ó dáa púpọ̀. Bí mo bá tún máa kọ dírẹ́bà, màá lò ó.

Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin 120 míì. Èmi ni mo gbé wọn wọlé. Òru mẹ́jọ àkọ́kọ́, lábù ni mo sùn, nítòsí Bàbá. Iná lọ lóru mẹ́fà nínú rẹ̀, pátákó dákẹ́, ètò mi béèrè títí ilẹ̀ fi mọ́, mẹ́mórì ò sì dín. Lóru kẹta, Bàbá na àkàrà sí mi láìsọ̀rọ̀. Lóru karùn-ún, ó bi mí pé, "Ṣé ó ṣì ń mí?" Mo ní ó ń mí, sà. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, àwọn òròmọdìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú ẹ̀rọ náà kí aago mẹ́fà tó lù.

Mo gba máàkì tó dáa. Ọ́fíìsì sọ fún Bàbá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ béèrè, akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún mi pé kúẹ́rì náà àti èsì tí mo fọwọ́ ara mi kọ ṣì wà nínú fáìlì Bàbá. Ó ní kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́, torí náà ibẹ̀ ló máa wà. Bàbá ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì.

Mo ti kọ lẹ́tà méjì lórí rẹ̀. Mo ń kọ ẹ̀kẹta. 500 náírà yẹn sì ṣì wà nínú àpótí mi. Mo ti gbé e padà fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà á.